Ìsápá Mẹ́jọ Tó Gba Ẹ̀yìnkùlé Sílẹ̀

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹni tó ń fọ abọ́ lọ́hùn-ún fi abọ́ náà sílẹ̀ ná. Abọ́ kò ní sá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí ẹ kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, n kò mọ ẹni tí yóò sọ ọ́ fún yín lọ́la, nítorí gbogbo àwọn tó ṣojú wọn ti lọ tán. Ó ku èmi nìkan, èmi àti ìsápá pupa tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná yẹn. Ẹ̀ ń já ewé rẹ̀, ẹ̀ ń fi sebẹ̀, ẹ̀ ń gbé èso rẹ̀ lọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín ní Ìlódè, ẹ kò sì bi mí rí pé báwo ló ṣe dé ilé wa ní Òkèrèwè. N kò dá yín lẹ́bi. Ohun tí a bá bá nílẹ̀ nígbà tí a dáyé, a máa ń rò pé ibẹ̀ ló ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni.

Ọdún tí mò ń wí yìí, eyín òkè mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà ni. Ìró ìgbálẹ̀ ló máa ń jí wa. Àwọn ìyàwó ilé yóò máa gbá àgbàlá, fáá, fáá, láti ẹnu ọ̀nà Baálé títí dé ìdí kànga. Kí ìgbálẹ̀ tó dákẹ́, ladánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò yóò ti pe ìrun, agogo ṣọ́ọ̀ṣì yóò dá a lóhùn láti òkè, àwọn àkùkọ kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì borí wọn. Lẹ́yìn èyí ni odó yóò bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró kan wà tó jẹ́ ti Ìyá Àgbà nìkan, ìyẹn ni ìró omi. Omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi tí a fi ṣan ẹ̀wà, kò sí èyí tó gbọdọ̀ ṣòfò. Ó ti fi ọkọ́ la ojú àgbàrá tóóró kan láti ilé ìwẹ̀ wọ inú ọgbà rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti ń wẹ̀, a ó máa gbọ́ omi tó ń yọ́ lọ lábẹ́ ògiri bí ejò tí kò bínú. Ẹni tó bá da omi sẹ́nu ọ̀nà níṣojú rẹ̀ ti dáràn. Yóò kígbe láti inú yàrá pé, "Ta ló ń fi ọbẹ̀ ọ̀sán wa ta ilẹ̀ lọ́rẹ yẹn?" Mo ti rí àlejò tó wá kí Baálé, tó fọ ọwọ́ tán, tó wá ń gbé abọ́ omi káàkiri bí ẹni gbé ẹyin, nítorí kò mọ ibi tí yóò dà á sí tí kò ní gbọ́ ariwo.

Ìyá Àgbà yìí ló bí bàbá mi. Ọmọ bíbí inú agbo ilé wa ni. Ó lọ sílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ kú, ó sì padà wá sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin méjì, bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ tí à ń pè ní Bọ̀dá Tìmótì. Wọ́n fún un ní yàrá kan, wọ́n sì fi ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná hàn án pé kó máa rí nǹkan gbìn síbẹ̀. Ilẹ̀ náà kò ju ibi tí ogún ènìyàn lè tẹ́ ẹní sí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: aṣọ tó wà lára Ìyá Àgbà, ọmọ ló rà á, yàrá tó ń sùn, àbúrò rẹ̀ ló fún un, ewé tó bá hù lẹ́yìnkùlé yẹn nìkan ni nǹkan tó lè nawọ́ sí láyé pé, "Ọwọ́ ara mi nìyí." Ìgbà tí mo dàgbà ni ó tó yé mi. Nígbà yẹn, mo rò pé ẹ̀fọ́ lásán ló fẹ́ràn.

Baálé ilé wa ni àbúrò rẹ̀, ìyá kan náà ló bí wọn. Àjàní ni Ìyá Àgbà ń pè é, òun nìkan ló sì lè pè é bẹ́ẹ̀ níṣojú ènìyàn. Ọkùnrin gíga ni, aláwàdà, tí pákò kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí oòrùn yóò fi mú. Kòkó ń tà nígbà náà. Ẹni tí kò kọ́lé ń fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé rẹ̀, ẹni tó ti rẹ́ ẹ ń kùn ún, Baálé náà sì ń wá ibi tí yóò kọ́ sítọ́ọ̀ sí tí yóò máa kó kòkó rẹ̀ pamọ́ sí. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún tó ṣáájú ń parí lọ, ó pe gbogbo ilé jọ sábẹ́ ìbòòji, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn ti sùn tó. Oṣù mẹ́ta ni ewé ń hù níbẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án tó kù, adìẹ ló ń yí nínú yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́ sítọ́ọ̀ sí."

Ìyá Àgbà ń yọ ẹ̀gúsí nínú èèpo rẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, "Àjàní, nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, ta ló pọ̀n ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀fọ́ ibo ni mo fi ń se oúnjẹ fún ọ?"

"Ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ yẹn ti dà nínú mi tipẹ́. Kòkó ló kù tí n kò tíì ríbi kó sí."

Àwọn ìyàwó ilé fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá Àgbà náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ìsaasùn ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó ní, "O ò purọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni adìẹ ń yí níbẹ̀. Tí mo bá wá gba oṣù mẹ́sàn-án yẹn lọ́wọ́ adìẹ ńkọ́? Fún mi ní ọdún kan péré. Gbogbo ìgbà tí oṣù tuntun bá lé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí o wá dúró sẹ́nu ọgbà. Bí o kò bá rí ohun tí ojú lè wò tàbí ohun tí ọbẹ̀ lè jẹ, kí o pe bíríkìlà lọ́jọ́ náà gan-an. N kò ní fọhùn."

Baálé yọ pákò lẹ́nu. "Pẹ̀lú ẹ̀rùn?"

"Pẹ̀lú ẹ̀rùn."

"Pẹ̀lú ọyẹ́?"

"Àjàní, mo ní ọdún kan. Ṣé ọdún tìrẹ kì í ní ọyẹ́ ni?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é. Baálé sì jẹ́ ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré bó tilẹ̀ ń fi gbogbo nǹkan ṣàwàdà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó pé, ó ti ní kí wọ́n gé bíríkì alámọ̀, wọ́n tò ó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Ojoojúmọ́ tí Ìyá Àgbà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti roko, bíríkì yẹn ni yóò kọ́kọ́ rí. Kò bú u rí. Ó kàn ń sá aṣọ sí i lórí ni.

Nísinsìnyí tí èmi náà ti dàgbà, mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Irúgbìn tí àwọn ìyá wa fi sílẹ̀, òjò ni wọ́n mọ̀. Tẹ̀tẹ̀ yóò hù, yóò so, yóò kú. Gbúre yóò kún ilẹ̀, bí òjò bá dá, yóò rá. Ìyá Àgbà mọ èyí ju Baálé lọ. Ìdí nìyẹn tó fi gbé iṣu sísè àti òróró lọ sí iyàrá iwájú ní ọjọ́ kejì, lọ́dọ̀ ayálégbé wa kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ṣiṣẹ́ ní oko ìjọba. Bọ̀dá Àgíríìkì ni gbogbo wa ń pè é. Ṣòkòtò kakí péńpé ló máa ń wọ̀, àwọn ìyàwó ilé sì máa ń bi í léèrè bóyá aṣọ ló tán lọ́wọ́ télọ̀. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwé ṣoko, mo gbọ́ pé ẹ ní irúgbìn tí kì í bẹ̀rù ẹ̀rùn."

Bọ̀dá Àgíríìkì gbé iṣu mì, ó ní, "Ìyá, kò sí èyí tí kì í bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà tuntun kan wà tí wọ́n ń dán wò lọ́dọ̀ wa. Èyí tó ń jẹ́ ti òjò ti wà lọ́tọ̀, èyí tó ń pẹ́ lórí ilẹ̀ ti wà lọ́tọ̀. Ẹ ó gbìn ín tẹ̀ lé ara wọn ni, bí ìgbà tí ẹṣin bá ń gba eré lọ́wọ́ ara wọn."

Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó mú àpò lẹ́tà mẹ́ta wá. Nínú ọ̀kan, ilá kúkúrú tó ń so bó bá ti ga tó orókún ọmọdé. Nínú èkejì, ṣọkọ tí ewé rẹ̀ pọ́n, tí òdòdó rẹ̀ dà bí ogbe àkùkọ. Nínú ìkẹta, èso wẹ́wẹ́ bíi méjìlélógún. Ó ní ìsápá ni. Ìyá Àgbà ní kò lè jẹ́ ìsápá. Ìsápá funfun nìkan la mọ̀ nílé wa, òun la sì ń fi ẹ̀gúsí sè. Bọ̀dá Àgíríìkì ní, "Ẹ gbìn ín, ẹ ó rí i. Igi rẹ̀ pupa, iṣan ewé rẹ̀ pupa, ife tó yí èso rẹ̀ ká pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ewé rẹ̀ wà fún òjò, òdòdó rẹ̀ wà fún ìparí òjò, ife rẹ̀ wà fún ọyẹ́." Mo rántí pé Ìyá Àgbà dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka kan ṣoṣo máa yí i. Ó ní, "Ohun kan ṣoṣo tí yóò bí ọmọ mẹ́ta." Ó gbìn ín sí ìpẹ̀kun ọgbà, lẹ́bàá bíríkì Baálé. Àwọn adìẹ tú èyí tó pọ̀ jù. Mẹ́jọ ló hù.

Oṣù àkọ́kọ́ lé lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Baálé wá dúró pẹ̀lú pákò rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló wà níbẹ̀ lónìí?" Ìyá Àgbà ní, "Tẹ̀tẹ̀ nìyẹn, gbúre nìyẹn. Wá já a fún ìyàwó rẹ." Baálé mi orí, ó ní, "Ìyẹn ti òjò ni. Òjò kò ní iyì kankan, ó ń ṣe fún gbogbo ènìyàn." Oṣù kejì, ìkẹta, bákan náà. Nígbà tí òjò sì dá lójijì ní àárín ọdún, tí gbúre ń rọ, ilá kúkúrú yẹn ti ń so, àwọn ọmọdé kò sì nílò kí àgbà bá wọn ká a. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ṣọkọ pupa yọ ogbe. Àwọn ará Ìlódè tó ń kọjá lọ sí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í yà wò ó. Baálé dúró pẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀ lónìí?" ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rí i. Ìyá Àgbà ní, "Àkùkọ rẹ ni. Ó sùn sínú ọgbà mi, kò fẹ́ jí." Agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo rí i pé Baálé náà rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun fẹ́ kọ́lé.

Gbogbo wa mọ̀ pé àwàdà ni ìwọ̀nyí. Ìsápá mẹ́jọ yẹn ni ogun náà dá lé. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ẹ̀rùn bá tẹ̀ lé e, kò sí ohun mìíràn tí yóò ṣẹ́kù lójú ilẹ̀. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Àràárọ̀ ló ń kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí ìyàwó.

Àárín àrọ̀kúrò òjò ni Bọ̀dá Tìmótì gbé ìyàwó. Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹdúnàbọ̀n, arẹwà obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í dún ju ti ẹyẹlé lọ. Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò mọ bí ìyàwó tuntun ṣe ń ṣe nígbà náà. Ọmọ tó bá bá nínú ilé, bó ti wù kó kéré mọ, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ó ní láti fún un ní orúkọ tirẹ̀, kó sì máa kúnlẹ̀ kí i. Èmi tí mo ń tọ̀ sílé ní ọdún méjì ṣáájú, ìyàwó Bọ̀dá Tìmótì ń kúnlẹ̀ fún mi láràárọ̀, ó ń pè mí ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́! Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, orí mi wú. Mo ń rìn bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá ń gbé ẹsẹ̀ fún mi.

Ní ọjọ́ keje, ó kàn án láti se ọbẹ̀ àkọ́sè rẹ̀ fún gbogbo ilé. Ìyá Àgbà ti lọ sí ọjà, ó sì ti sọ fún mi kó tó lọ pé, "Mú ìyàwó wọ ọgbà, kí o fi ibi tí yóò já hàn án. Àwọn mẹ́jọ tó wà ní ìpẹ̀kun, kó má dé ibẹ̀." Mo gbọ́. Mo gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ inú ọgbà, Àbẹ̀kẹ́ wo ìsápá pupa yẹn, ojú rẹ̀ tàn. Ó kúnlẹ̀ sí mi, ó ní, "Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, ṣé mo lè já èyí?"

Àgbàlagbà obìnrin ń gba àṣẹ lẹ́nu mi. Bí mo bá ní rárá, yóò bi mí pé kí ló dé, n kò sì mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá kì í ní òun kò mọ̀. Mo gbé àgbọ̀n sókè, mo ní, "Já a, ìyàwó."

Ó sì já a. Kò já ewé ẹ̀gbẹ́ bí a ti ń ṣe nílé wa. Bí wọ́n ti ń ṣe ní Ẹdúnàbọ̀n ló ṣe é. Ó ṣẹ́ orí gbogbo wọn pẹ̀lú ẹ̀ka tó rọ̀, pọ́kú, pọ́kú, títí ó fi kan ìkẹjọ. Nígbà tó ṣe tán, igi mẹ́jọ dúró bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń sá aṣọ.

N kò lè sọ ẹkún tí Ìyá Àgbà sun fún yín. Kò pariwo. Ó jókòó lórí bíríkì Baálé, ó gbé agbọ̀n ọjà sí ẹsẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ lójú gbogbo wa. Àwọn ìyàwó àgbà yí Àbẹ̀kẹ́ ká. Ọ̀kan ní, "Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́." Òmíràn ní, "Ta ló ní kí o já a?" Mo wà lẹ́yìn ìkòkò omi. Àbẹ̀kẹ́ wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wò mí, ó sì yí ojú padà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ dárí jì mí, Ìyá wa. Ojú mi ló fọ́." Ó gbé ẹ̀bi mi rù ní ọjọ́ keje tó wọlé wa, bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ àkọ́sè rẹ̀ ṣì wà lórí iná.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e mì. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí Ìyá Àgbà ń fi kànìnkànìn fọ̀ mí lẹ́yìn, mo sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo retí ìgbájú. Ó bu omi sí mi lórí, ó ní, "O jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kúnlẹ̀ fún ọ, o sì tún jẹ́ kó kúnlẹ̀ nítorí rẹ." Ó nù mí gbẹ. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí garawa kékeré kan. "Àgbàrá yìí kì í dé ìpẹ̀kun ọgbà nígbà ẹ̀rùn. Láti òní lọ, ìwọ ni àgbàrá. Omi tí ẹnikẹ́ni bá fi wẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá fi fọṣọ, ìwọ ni yóò gbé e dé ìdí àwọn mẹ́jọ yẹn. Bí wọ́n bá kú, kó má jẹ́ pé òùngbẹ ló pa wọ́n."

Mo sì gbé e. Àbẹ̀kẹ́ ń bá mi gbé e, n kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, ẹ má sunkún. Ní ilé wa, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn." Mo rò pé ó kàn ń tù mí nínú ni. Òótọ́ pọ́ńbélé ló ń sọ. Kí oṣù yẹn tó kú, níbi tí ó ti ṣẹ́ orí kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka mẹ́rin yọ, nígbà mìíràn márùn-ún. Ìsápá tó ti dúró bí ọ̀pá di igbó pupa, ó fẹ̀ débi tí bíríkì kò fi hàn mọ́. Ṣùgbọ́n kò yọ òdòdó. Ní oko ìjọba, Bọ̀dá Àgíríìkì ní tiwọn ti tanná tán, ti so tán, wọ́n ti ká a. Oṣù lé, Baálé wá. Elégédé kan tó fà lẹ́bàá ọgbà, tó sì gbó, ló gbà wá lọ́jọ́ yẹn, ó dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ bí ẹni tí kò rí ibi lọ. Baálé ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, elégédé kan ṣoṣo?" Ìyá Àgbà ní, "Ojú mélòó ni o fi ń wò?" Oṣù kan tún lé, ọyẹ́ ti ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti là. Òdòdó yọ. Ẹ wò ó, àwọ̀ àgbàdo tútù, tí inú rẹ̀ dúdú bí ojú tó lé tìróò, òdòdó tuntun ní àràárọ̀, tí yóò kákò bó bá di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ilẹ̀ Òkèrèwè ti pọ́n pẹ̀lú eruku, ibi kan ṣoṣo ló ń tanná. Baálé kò bèèrè nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ó wò, ó lọ.

Ó wá ku oṣù ìkẹyìn. Ẹ̀rùn ti mú gan-an. Omi kànga ti lọ sísàlẹ̀, a ń fi okùn méjì tí a so pọ̀ fà á. Àwọn ará ilé ń fi igbá kan wẹ̀, èmi sì ń dúró sẹ́nu ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú garawa mi bí agbowó orí. Bọ̀dá Tìmótì yóò kígbe láti inú lọ́hùn-ún pé, "Jẹ́ kí ọṣẹ kúrò lójú mi ná!" Mo ń rìn, Àbẹ̀kẹ́ ń rìn, ó ti lóyún nígbà náà, inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Baálé ti sọ fún bíríkìlà kó wá lọ́jọ́ náà. Bíríkìlà wá lóòótọ́, ó mú okùn ìwọnlẹ̀ dání. Gbogbo agbo ilé dìde.

Baálé dúró sẹ́nu ọgbà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló wà níbẹ̀ lónìí?" Ohùn rẹ̀ kò ní àwàdà nínú.

Ìyá Àgbà yíjú sí wa. Ó wo èmi, ó wo Àbẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mú wọn dé ibí. Ẹ dá a lóhùn."

Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀. Èmi fa ọwọ́ Baálé. Ẹ gbọ́, mo fa ọwọ́ Baálé! Mo mú un kọjá ilá tó ti gbẹ, kọjá igi ṣọkọ tó ti di ìgbálẹ̀, títí dé ìpẹ̀kun. Ìsápá mẹ́jọ, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka, ife pupa láti ìdí dé òkè, tó sanra, tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Orí tí a já wọn nígbà àrọ̀kúrò ló dá wọn dúró. Bí a kò bá já wọn, wọn ì bá ti so, wọn ì bá ti gbẹ kí oṣù yẹn tó lé. Baálé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já ife kan, ó jù ú sẹ́nu. Ó kan. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó tún já òmíràn.

Ó yíjú sí bíríkìlà, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, má bínú. Kó bíríkì yẹn, kí o fi mọ ògiri yí ọgbà yìí ká, kí ewúrẹ́ má baà wọ̀ ọ́. Jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga tó mi, torí pé mo ṣì ń bọ̀ wá bèèrè." Ó wá kọjú sí Ìyá Àgbà, ọkùnrin gíga yẹn, Baálé ilé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun ọdún. Èwo lẹ ó fi se fún mi, ẹ̀gúsí àbí ẹja?" Ìyá Àgbà ní, "Dìde, Àjàní, aṣọ rẹ. Ẹ̀gúsí ni." Ó wá fa Àbẹ̀kẹ́ dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ìyàwó mi ni yóò sè é. Ọbẹ̀ àkọ́sè rẹ̀, a kò tíì jẹ ẹ́ dáadáa."

Mo ti jẹ oríṣiríṣi ọbẹ̀ láyé. N kò tíì jẹ irú ti ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí Ìyá Àgbà lọ, bàbá mi jogún aṣọ òfì rẹ̀, Bọ̀dá Tìmótì gba àpótí àti ibùsùn. Àdó irúgbìn tó máa ń fi kọ́ sórí àjà, níbi tí èéfín ti ń yí i, Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n fún. Èmi gba garawa. Nígbà tí Baálé náà di arúgbó, ó pín ilé, ó pín oko kòkó, nígbà tó kan ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe tèmi tí mo lè pín. Ti obìnrin ilé yìí ni, ọmọ àti ìyàwó." Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kọ́ yàrá tí wọ́n ń fi háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ yí gbogbo ibẹ̀ ká, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi bíríkì kan lé ilẹ̀ yẹn.

Àbẹ̀kẹ́ dàgbà, ó di ìyá gbogbo wa. Ìgbà tí mo kí i gbẹ̀yìn, ó ní kí n na ọwọ́ sórí àjà kí n mú àdó náà wá. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, tí n kò bá sí mọ́, ta ni yóò máa bèèrè lọ́wọ́ yín pé ṣé kí òun já a?" Mo kúnlẹ̀ fún un. Ó ti tó àkókò.

Ó tó. Ẹ dìde. Àdó ló wà lókè yẹn, ó ti di tèmi, yóò sì di ti ẹni tó bá mọ orí ìsápá í ṣẹ́ nínú yín. Ìwọ tó ń fọ abọ́ lẹ́ẹ̀kan, parí abọ́ rẹ. Omi tí o bá fi fọ̀ ọ́, má dà á sẹ́nu ọ̀nà. Garawa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.